Àmì Kan Lórí Ìsinmi

Bàbá Alámì ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá mi. Ẹ má rò pé oríkì ni. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Pẹ́ńtà ni wọ́n, irú àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ sára pátákó àti ògiri: orúkọ ṣọ́ọ̀bù, àkókò ìpàdé, "Má ṣe tọ̀ síbí". Àwọn pẹ́ńtà yòókù kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Wọ́n á kọ lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà, wọ́n á kó àkàbà wọn, wọ́n á lọ. Bàbá mi kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ lẹ́tà tán lónìí, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn nílé wa, wọ́n á wá máa fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Tí oníṣọ́ọ̀bù bá ń kánjú, tó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé àwọn èèyàn á mọ̀ ọ́n kà, bàbá mi á wò ó láti orí àkàbà.

"Ọ̀gá, ọkọ wà, ọkọ́ wà, ọkọ̀ náà wà. Èwo gan-an lẹ ń tà nínú ẹ̀?"

Oníṣọ́ọ̀bù á rẹ́rìn-ín, á sì lọ jókòó.

Aránṣọ ni màmá mi. Ẹ̀rọ wọn wà nínú yàrá iwájú, lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń pẹ́ sí jù. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n á gbá àjákù aṣọ àti fọ́nrán òwú nílẹ̀, wọ́n á sì fi aṣọ funfun kan bo ẹ̀rọ náà bí ìgbà tí wọ́n ń bo ọmọ tó sùn. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ṣí i títí di ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí wọ́n bá dúró lójú fèrèsé tí wọ́n sì fojú ara wọn rí i pé oòrùn ti wọ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n á ká aṣọ náà kúrò. Ọjọ́ keje ni màmá mi ń pa mọ́, Sábáàtì ni wọ́n ń pè é. Ti bàbá mi, Ọjọ́ Àìkú ni, òun náà ni wọ́n sì ń pè ní Ọjọ́ Ìsinmi.

Ilé wa ní ọjọ́ ìsinmi méjì lọ́sẹ̀, èmi ọmọ ilé kò sì rí ọ̀kankan sinmi. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, màmá mi á mú mi lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ìdí á fi máa dùn mí. A ò ní gbálẹ̀, a ò ní dáná, oúnjẹ àná la máa jẹ. Lọ́jọ́ Àìkú, bàbá mi á fi bàtà tó ń há mi lẹ́sẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀, ó tún di orí bẹ́ǹṣì mìíràn. Ẹ wá bi mí bóyá mo ṣeré rí lópin ọ̀sẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ra. Ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ń lọ nígbà náà, lọ́jọ́ Àìkú, lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ẹ̀yìn màmá mi ni mo wà nígbà tí oníbàárà kan wá wọn aṣọ, tó ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ keje fún wọn bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n lápá wọ̀n ọ́n níbàdí. Kí aṣọ náà tó parí, màmá mi ti gba Sábáàtì. Bàbá mi ní aṣọ yẹn ló rán màmá mi, kì í ṣe màmá mi ló rán aṣọ.

Àríyànjiyàn wọn kò ní òpin. Màmá mi á ní, "Ọlọ́run ò yí ọjọ́ kankan padà. Ọba kan ló jí i gbé." Bàbá mi á ní, "Ẹni tó jíǹde lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ṣé kò lágbára àtiyí ọjọ́ padà ni?" Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà gbóná jù, bàbá mi búra pé ẹsẹ̀ àwọn kò ní wọ ilé ìsìn àwọn ọlọ́jọ́ keje láyé. Màmá mi náà búra pé ìdí àwọn kò ní kan bẹ́ǹṣì ìsìn Sọ́ńdè mọ́. Ahọ́n àti eyín ń jà, wọ́n á sì parí rẹ̀. Nínú gbogbo ohun mìíràn, bẹ́ẹ̀ làwọn méjèèjì rí. Màmá mi ló ń rán ṣẹ́ẹ̀tì tí bàbá mi ń wọ lọ sí ìsìn tí màmá mi kò fọwọ́ sí, wọn kì í sì í fi bọ́tìnì kankan ṣeré. Ṣùgbọ́n ìbúra méjèèjì wà nílẹ̀ láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé e.

Mo ti ní ilé tèmi nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún màmá mi. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ nìyẹn. Dókítà kò fi pamọ́ fún wa: ó lè padà wá, tó bá sì padà wá, ó lè má dá wọn sí. Ní ọjọ́ kan tí mò ń gé èékánná fún wọn, wọ́n fi ọwọ́ òsì dì mí mú.

"Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́," ni wọ́n wí. "Kí n jókòó ti bàbá ẹ nínú ìsìn, lẹ́ẹ̀kan péré, kí n tó lọ."

"Ẹ ò ṣe sọ fún wọn, Màmá?"

"Mo ti búra. Ìbúra kì í ṣe aṣọ tí èèyàn ń tú ká tó bá wù ú."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ bàbá mi lọ lẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ti ń fi kẹrosíìnì fọ búrọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fọ búrọ́ọ̀ṣì náà títí tó fi mọ́ ju bí wọ́n ṣe rà á lọ.

"Ìyá ẹ mọ ilé ìsìn tèmi," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Ilẹ̀kùn ibẹ̀ ò tì."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da kẹrosíìnì náà nù. Olóríkunkun méjì nínú ilé kan! Èmi fúnra mi kò lọ síbì kankan mọ́ nígbà náà. Wọ́n ti fi ọjọ́ méjì fà mí títí mi ò fi ní ọjọ́ kankan.

Láìpẹ́ sí i, ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn oníwàásù pe bàbá mi pé kí wọ́n wá kọ ọ̀rọ̀ sára ògiri gbọ̀ngàn wọn. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní ìtàn ìjọ àtijọ́ ló fẹ́ ẹ, ọmọkùnrin kan tí mo lè fi ṣe àbúrò, tí kò sí ìgbà tí kì í mu tíì. Ó fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa rí i lójoojúmọ́ bí àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ṣe ń ka ọjọ́. Orúnkún bàbá mi kò lágbára tó mọ́, nítorí náà èmi ni mo ń lọ bá wọn di àkàbà mú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa pẹ́ńtà: kì í ka ọ̀rọ̀, lẹ́tà ló ń kà. Bàbá mi lè kọ ìlà gbọọrọ kan láìmọ ohun tó wí títí wọ́n á fi dé orí àmì lọ́jọ́ kejì. Àmì ni wọ́n fi ń kàwé. Ìlà méjì ló sì wà lókè pátápátá ògiri yẹn. Àkọ́kọ́ ni Ọjọ́ keje, ọjọ́ ìsinmi. Ìkejì ni Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ ìsìn. Irin kan yọrí láti inú ògiri níbẹ̀, ibi tí wọ́n ń fi fìtílà kọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí bàbá mi ń kọ ISINMI, irin náà bọ́ sáàárín N àti M. Wọ́n fò ó, wọ́n sì kọ lẹ́tà méjì tó kù sí òdìkejì.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gun àkàbà pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín. Wọ́n wo ohun tó wà níwájú wọn, wọ́n sì fi àmì sí i bó ṣe jọ lójú wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń kùn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí iṣẹ́ bá ń lọ dáadáa. Tíṣà wọlé pẹ̀lú ife tíì, ó gbójú sókè, tíì sì gba imú rẹ̀ jáde.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ló wí, ó ń nu àyà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ìlà àkọ́kọ́."

Bàbá mi fà sẹ́yìn díẹ̀ lórí àkàbà. Wọ́n kà á sókè ketekete: "Ọjọ́ keje, ọjọ́ ìsìn mi."

Ẹ wò ó, àmì kan ṣoṣo ni, àmì tó ń sọ̀ kalẹ̀, tí kò tó hóró ìrẹsì, pẹ̀lú àlàfo tí irin fà. Ìsinmi ti di ìsìn mi. Bàbá mi, ẹni tó ti ń bá màmá mi jiyàn láti ìgbà tí mo wà lẹ́yìn, gun àkàbà, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ilé ẹ̀kọ́ pé ọjọ́ keje ni ọjọ́ ìsìn wọn. Bàbá Alámì ṣi àmì fi! Mo rẹ́rìn-ín débi pé àkàbà bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Di àkàbà mú jàre," ni bàbá mi wí. "Irin yẹn ló fà á."

Wọ́n fa àkísà yọ láti nù ún, wọ́n sì dúró. Mo rò pé ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìlà méjèèjì pa pọ̀.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tẹ́ ẹ fi pín in sí méjì? Ìsinmi lọ́tọ̀, ìsìn lọ́tọ̀. Ṣebí Sọ́ńdè náà ni Ọjọ́ Ìsinmi."

"Lónìí ni, Bàbá. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀." Tíṣà gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Ọjọ́ iṣẹ́ ni Sọ́ńdè nígbà yẹn. Ẹrú ń bẹ nínú wọn, alágbàṣe ń bẹ, àwọn tó ń fọṣọ fún olówó ń bẹ. Ọ̀gá wọn ò mọ ọjọ́ Olúwa kankan. Torí náà, kí oòrùn tó yọ, nínú òkùnkùn, wọ́n á dìde, wọ́n á pàdé nínú yàrá ẹnì kan, wọ́n á kọrin, wọ́n á gbàdúrà. Tílẹ̀ bá mọ́, olúkúlùkù á gba ibi iṣẹ́ ẹ̀ lọ."

"Láìsinmi?"

"Láìsinmi rárá, Bàbá."

"Kí ni wọ́n wá ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé?"

"Àwọn àkọ́kọ́ pátápátá, Júù ni wọ́n. Wọ́n ń sinmi lọ́jọ́ keje bíi ti àwọn baba wọn, wọ́n sì ń pàdé lọ́jọ́ kìíní, torí ọjọ́ tí ibojì ṣófo nìyẹn. Àwọn kan pa ọjọ́ méjèèjì mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn wọn. Ó tó nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún kí ọba Róòmù kan tó pàṣẹ pé kí ilé ẹjọ́ àti iṣẹ́ ìlú dúró lọ́jọ́ náà. Àgbẹ̀ nìkan ló ní kó máa roko ẹ̀ lọ."

"Ọba wà nínú ẹ̀ lóòótọ́!" Mo mọ ẹni tí bàbá mi ń rántí.

"Ọba wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti ń pàdé lọ́jọ́ náà kí wọ́n tó bí bàbá tó bí i."

Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ láti orí àkàbà, wọ́n sì jókòó sórí ìpele tó kẹ́yìn. Wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn, èyí tí ọ̀dà ti wọ ojú èékánná rẹ̀. Mo ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní gbogbo ìgbà èwe mi, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Mo rí wọn: obìnrin kan tó ń fọwọ́ tọ́ ògiri nínú òkùnkùn kí ó má baà jí ìyá ilé, ọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ ti bó nínú omi ọṣẹ, wọ́n ń rọra kọrin kí orin má baà dé ìta. Kò sí ọba tó fún wọn ní ọjọ́. Inú oorun ara wọn ni wọ́n ti jí i. Ẹ̀rù bà mí, kì í ṣe ẹ̀rù ibi. Ó ṣe mí bíi kí n bọ́ bàtà.

"Èmi náà ń jí kí oòrùn tó yọ," ni bàbá mi wí jẹ́ẹ́, bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. "Tí mo bá ní pátákó láti kọ."

"Ohun kan ṣì wà," ni Tíṣà wí. "Ọjọ́ wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Tí oòrùn bá ti wọ̀, ọjọ́ tuntun ti dé nìyẹn. Torí ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ kan fi rò pé ìrọ̀lẹ́ Sátidé, bí Sábáàtì bá ṣe ń parí, ni àwọn mìíràn kọ́kọ́ ń pàdé. Lójú wọn, ọjọ́ kìíní ti bẹ̀rẹ̀. Àwa ò mọ gbogbo ẹ̀ tán o, Bàbá."

Bàbá mi gbé orí sókè. Ojú wọn yí padà.

"Ìyá ẹ," ni wọ́n wí fún mi. "Aṣọ orí ẹ̀rọ."

Ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta ni màmá mi ń ká a kúrò. Wọ́n nu àmì náà kúrò, wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà kọ kí irin má baà là á, wọ́n sì kó irinṣẹ́ wọn.

Èmi ni mo tú àṣírí nígbà tí a délé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún màmá mi, mo tún fi kún un. Màmá mi rẹ́rìn-ín. Ìdajì ẹnu ló ṣí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà pé, èyí tí n kò gbọ́ látìgbà tí àìsàn ti dé.

"Ọwọ́ yín ti jẹ́wọ́!" ni wọ́n ń pariwo. "Bàbá àwọn ọmọ, ọwọ́ yín ti jẹ́wọ́ lójú ayé!"

"Má dá mi lóhùn," ni bàbá mi wí, ṣùgbọ́n àwọn náà ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà tán díẹ̀díẹ̀. Màmá mi wò wọ́n.

"Ìsìn mi, ìsìn mi," ni wọ́n wí. "Ohun tí àwa méjèèjì ti ń ṣe látọjọ́ yìí náà nìyẹn."

Bàbá mi dìde. Wọ́n bọ́ síta, wọn kò sì jẹun ní ìrọ̀lẹ́ yẹn.

Nígbà tó di Àbámẹ́ta, mo wà lọ́dọ̀ wọn. Màmá mi wà nínú yàrá iwájú lórí àga, ẹ̀rọ wà lábẹ́ aṣọ funfun, oòrùn sì ti ń pọ́n lójú fèrèsé. Ilẹ̀kùn dún. Bàbá mi ló ń kànkùn, nínú ilé ara wọn! Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì Ọjọ́ Àìkú wọn, wọ́n sì gbé àga kan lọ́wọ́.

"Oòrùn ò tíì wọ̀," ni màmá mi wí. "Sábáàtì mi ò tíì tán."

"Mo mọ̀. Tèmi náà ò tíì bẹ̀rẹ̀." Wọ́n gbé àga náà sí ẹ̀gbẹ́ àga màmá mi, wọ́n sì gbé e sún mọ́ ọn títí apá àga méjèèjì fi kanra. "Ibí yìí kì í ṣe ilé ìsìn yín. Kì í ṣe tiwa náà. Yàrá lásán ni. Kò sẹ́ni tó búra lórí yàrá."

Màmá mi wo àga náà. Wọ́n kàn na ọwọ́ òsì. Bàbá mi dì í mú, wọ́n sì dá orin kan tí àwọn méjèèjì mọ̀ láti ìgbà ìgbéyàwó wọn. Ohùn bàbá mi ló ṣíwájú, ti màmá mi ń fà tẹ̀lé e, ó ń gé ọ̀rọ̀ sí ìdajì. Mo dúró ti ògiri. Bí oòrùn ṣe ń rì sẹ́yìn àwọn òrùlé ni ìmọ́lẹ̀ ń ti ojú wọn lọ sí ọrùn, ó ti ọrùn lọ sí ọwọ́, títí ó fi kù sórí aṣọ funfun yẹn nìkan. Ó ṣe mí bíi pé yàrá náà kún. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó kún fún àwọn tó jókòó bẹ́ẹ̀ rí, tí wọn kò ní ilé ìsìn, tí wọn kò ní ọjọ́ ìsinmi, tí wọ́n kàn ní yàrá àti ara wọn.

"Ó ti wọ̀," ni màmá mi wí.

Àwọn méjèèjì jọ ká aṣọ náà kúrò lórí ẹ̀rọ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta láti ìgbà òjò títí wọ inú ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sẹ́ni tó fi ọjọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń jiyàn síbẹ̀. Nígbà tí àrùn náà padà wá, kò dá màmá mi sí, bí dókítà ṣe wí. Wọ́n ti gba ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí wọ́n tó lọ, wọ́n sì gbà á ju ẹ̀ẹ̀kan péré lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ wo bàbá mi ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta kan. Wọ́n wà nínú yàrá iwájú pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì Ọjọ́ Àìkú wọn, àga méjì níwájú fèrèsé, ọ̀kan ṣófo. Lórí ẹ̀rọ ni pátákó kékeré kan wà tí lẹ́tà orí rẹ̀ ti gbẹ: ISIN WA. Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀.

"Ọwọ́ mi ń gbọ̀n," ni bàbá mi wí. Wọ́n sì na búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn sí mi. "Méjì péré ni. Kó sọ̀ kalẹ̀, má jẹ́ kó gùn jù."

Mo fi ọ̀kan sórí I àkọ́kọ́. Mo fi ọ̀kan sórí I kejì. Bàbá mi tẹ̀ síwájú, wọ́n kà á sókè, ketekete, bí wọ́n ṣe ń ka gbogbo pátákó kí wọ́n tó fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fọwọ́ gbá àga màmá mi.

"Jókòó," ni wọ́n wí. "Oòrùn ti ń wọ̀."

Mo jókòó.